Ọ̀rọ̀ Tí A Kò Lè Wá Rí

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Òwe náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan sílẹ̀ láìsọ: ẹni tí kò bá mọ orúkọ tí wọ́n fi gbé ẹrù rẹ̀ pamọ́, bí ẹrù náà tilẹ̀ wà nínú àpò rẹ̀, yóò wá a títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ ni ó dé bá èdè Yorùbá lóde òní. À ń kó àwọn ìwé wa, ìwé ìròyìn wa, àti àkọsílẹ̀ àwọn ìlú wa sínú kọ̀ǹpútà, inú wa sì ń dùn pé ikán àti òjò kò ní í rí wọn bàjẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a kó pamọ́ tí a kò sì lè wá rí, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ohun tí ó ti sọnù? Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá àwọn òǹkàwé wa sọ, pàápàá jù lọ ẹ̀yin olùkọ́, nítorí pé ọwọ́ yín ni púpọ̀ nínú àtúnṣe rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ bí ẹ̀rọ ìṣàwárí ti ń ṣiṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ wa má baà dàbí àlọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nígbà tí a bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà, ńṣe ni ó ń sáré ka gbogbo ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ tí a bá kó ìwé fún un ni ó ti tú ìwé náà sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú atọ́ka ńlá kan, ó sì kọ sí iwájú rẹ̀ àwọn ìwé tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ irú rẹ̀: ó jọ atọ́ka tí ó máa ń wà ní ẹ̀yìn ìwé ìtàn, níbi tí a ti ń wo orúkọ ìlú tàbí ti ọba kí a tó ṣí ojú ewé. Nítorí náà, nígbà tí a bá béèrè ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ẹ̀rọ náà yóò wo ìlà ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní, yóò wo ìlà ọ̀rọ̀ kejì, yóò sì mú àwọn ìwé tí ó wà nínú ìlà méjèèjì wá. Kí a tó ṣẹ́jú, ìdáhùn ti dé.

Ṣùgbọ́n rírí ìwé nìkan kò tó; ẹ̀rọ náà tún gbọ́dọ̀ mọ èyí tí yóò fi síwájú àti èyí tí yóò fi sẹ́yìn. Ní ọdún 1972, obìnrin onímọ̀ kan ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Karen Spärck Jones, kọ̀wé tí ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí ó ṣọ̀wọ́n nínú àkójọ ìwé ni ó yẹ kí ó wúwo jù lórí ìwọ̀n, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó wà níbi gbogbo kò tọ́ka sí ibì kankan. Bí ẹnì kan bá ní ọkùnrin tí òun ń wá wọ aṣọ, kò tíì júwe ẹnikẹ́ni fún wa. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní ó dé fìlà abetí-ajá pupa, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ẹni náà mọ̀. Lórí irú ìmọ̀ báyìí ni Stephen Robertson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìlànà ìwọ̀n tiwọn kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ní ọdún 1999 ni Doug Cutting, ará Amẹ́ríkà, gbé Lucene jáde, èyí tí ẹnikẹ́ni lè gbà lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2010, Shay Banon gbé Elasticsearch jáde lórí ìpìlẹ̀ Lucene náà. Irú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ilé ìkówèésí, ilé ìṣòwò àti ilé iṣẹ́ ìròyìn káàkiri ayé ń lò láti wá ohun tí wọ́n kó pamọ́.

Kò sí àríyànjiyàn pé iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni iṣẹ́ wọ̀nyí, a sì kan sáárá sí àwọn tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í ṣe ènìyàn. Kò gbọ́ Yorùbá, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Lẹ́tà ni ó ń rí. Bí lẹ́tà bá bá lẹ́tà mu, yóò ní òun ti rí i. Bí kò bá bá a mu, yóò ní kò sí. Kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ sínú atọ́ka, ó máa ń tẹ̀lé òfin tí a bá ti fún un: bóyá kí ó sọ lẹ́tà ńlá di kékeré, bóyá kí ó gé ìparí ọ̀rọ̀, bóyá kí ó bọ́ gbogbo àmì kúrò. Òfin kan náà ni ó yẹ kí ó tẹ̀lé nígbà tí a bá wá béèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ṣe òfin náà ni ó ṣe ìdájọ́. Bí kò bá sì sí Yorùbá kankan níbi tí wọ́n ti ṣe òfin náà, ta ni yóò gba ẹjọ́ wa rò?

Ẹ jẹ́ kí á fi ọmọ ilé-ìwé kan ṣe àpẹẹrẹ. Olùkọ́ rẹ̀ ní kí ó lọ kọ àròkọ lórí ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó jókòó ti ẹ̀rọ, ó wá ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n bá ti sọ fún ẹ̀rọ kí ó bọ́ àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kúrò, ‘ẹ̀kọ́’ ti di ‘eko’. Bẹ́ẹ̀ ni ‘Èkó’, ìlú tí í ṣe olú-ìlú Nàìjíríà títí di ọdún 1991, ti di ‘eko’. ‘Ẹ̀kọ’ tí à ń fi àkàrà jẹ náà ti di ‘eko’. Ọmọ náà wá ìmọ̀, wọ́n gbé ìlú àti oúnjẹ àárọ̀ wá bá a. Bí ó bá sì wá ‘èdè’, wọn yóò kó ìròyìn ìlú Ẹdẹ fún un, wọn yóò sì fi edé inú ọbẹ̀ kún un. Òǹkàwé lè rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín; ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà dópin nígbà tí ẹni tí ń wá ọ̀rọ̀ kì í bá ṣe ọmọdé mọ́. Opó tí ó fẹ́ mọ ohun tí àṣà àti òfin wí nípa ogún ọkọ rẹ̀ yóò bá ogun, Ògún, àti odò Ògùn pàdé kí ó tó kan ohun tí ó bá a dé ibẹ̀.

Ìpalára náà jù bí ó ti hàn lójú lọ. A ti sọ pé ọ̀rọ̀ tí ó bá ṣọ̀wọ́n ni ó ń wúwo lórí ìwọ̀n ẹ̀rọ. ‘Igbà’ tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ ṣọ̀wọ́n nínú ìwé. Ó yẹ kí ó wúwo gan-an. Ṣùgbọ́n ‘ìgbà’ tí a fi ń sọ̀rọ̀ àkókò wà ní ojú ewé gbogbo, ‘igba’ wà níbi tí a bá ti ń kà iye, ‘igbá’ sì wà nínú gbogbo ilé. Nígbà tí a bá bọ́ àmì wọn, tí gbogbo wọn di ọ̀kan, ọ̀rọ̀ tí ó ṣọ̀wọ́n pàdánù ìwọ̀n rẹ̀, ó sì rì sínú àwùjọ bí abẹ́rẹ́ tí ó bọ́ sínú iyanrìn. Ẹni tí ó fẹ́ kọ̀wé lórí iṣẹ́ àwọn adẹ́mu wa yóò ní kò sí ìwé lórí rẹ̀. Ìwé wà, atọ́ka ni ó gbé e pamọ́.

Àwọn kan yóò wá wí pé, ó dára, kí wọ́n má bọ́ àmì kúrò mọ́. Ọ̀ràn náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ìlànà àgbáyé tí à ń pè ní Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991, ni ó fún àwọn lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá wọn mọ̀. Nínú ìlànà náà, ‘ẹ’, ‘ọ’ àti ‘ṣ’ ní nọ́ńbà tiwọn, ‘è’ àti ‘é’ sì ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ‘ẹ̀’, ‘ẹ́’, ‘ọ̀’ àti ‘ọ́’ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ńṣe ni a ń to àmì mọ́ lẹ́tà kí wọ́n tó pé. Ẹnì kan lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ‘e’ kí ó fi àmì méjèèjì sí i. Ẹlòmíràn lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ‘ẹ’ kí ó fi àmì ohùn lé e. Ẹnì kẹta lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ‘è’ kí ó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Nítorí náà, olùkọ́ méjì lè kọ ‘ẹ̀kọ́’ láìsí àṣìṣe kankan, kí ọ̀kan wá ìwé èkejì kí ó má sì rí i. Òògùn èyí ti wà: Unicode fúnra rẹ̀ ti la ọ̀nà tí a fi ń sọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan kí wọ́n tó wọ inú atọ́ka. Ó kù kí ẹni tí ń to ẹ̀rọ rántí láti lò ó.

Ohun kẹta tí ó ń dà wá láàmú ni òfin èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n máa ń gbé lé èdè wa lórí. Ní ọdún 1980, Martin Porter tẹ ìlànà kan jáde tí ń gé ìparí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni tí ó wá ‘teach’ lè rí ‘teaching’ pẹ̀lú. Ó wúlò fún Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ìdí ni Gẹ̀ẹ́sì ti sábà máa ń gùn. Ṣùgbọ́n Yorùbá a máa ti orí gùn. Láti ara ‘kọ́’ ni a ti rí ẹ̀kọ́, olùkọ́, ìkọ́ni àti akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀rọ tí ń gé ìrù kò lè mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bákan náà, òfin Gẹ̀ẹ́sì a máa kó àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké dànù pé wọn kò wúlò fún ìṣàwárí. ‘A’, ‘to’ àti ‘be’ wà nínú wọn. Bí a bá ti kọ́kọ́ bọ́ àmì Yorùbá, tí a sì wá lo òfin yìí lé e lórí, ‘tó’ ti lọ nìyẹn, ‘bẹ̀’ ti lọ, ‘bẹ́’ ti lọ. Ẹni tí ó bẹ̀bẹ̀ àti ẹni tí ó bẹ́ igi, kò sí èyí tí a ó rí nínú wọn.

Ohun kẹrin ni ti àkọtọ́. Láti ọdún 1859 tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ni a ti ní ìwé ìròyìn ní èdè wa. Bíbélì Yorùbá pé ní ọdún 1884. Láàárín ìgbà náà sí ìsinsìnyí, a ti yí bí a ti ń kọ èdè wa padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: ìpàdé wà ní Èkó ní ọdún 1875, ìgbìmọ̀ jókòó ní ọdún 1966, a sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń kọ́ ní ilé-ìwé ní ọdún 1974. ‘Aiye’ ti di ‘ayé’, ‘enia’ ti di ‘ènìyàn’, ‘Offa’ ti di ‘Ọ̀fà’, ‘ìròhìn’ pàápàá ti di ‘ìròyìn’. Ọmọ tí a kọ́ ní àkọtọ́ òde òní, bí ó bá wá ‘ènìyàn’ nínú ìwé àtijọ́, ẹ̀rọ yóò ní kò sí ènìyàn níbẹ̀! Gbogbo ohun tí àwọn bàbá wa kọ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún yóò wà ní ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti yípadà. Síbẹ̀, ẹ̀rọ wọ̀nyí gba àkójọ ọ̀rọ̀ onítumọ̀ kan náà. Bí a bá kọ ọ́ fún wọn pé ‘enia’ àti ‘ènìyàn’ jẹ́ ọ̀kan, wọn yóò gbà. Kò sí ẹni tí yóò kọ ọ́ fún wa bí a kò bá kọ ọ́ fúnra wa.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa di ti orílẹ̀-èdè. Elasticsearch ní òfin tí wọ́n ti tò sílẹ̀ fún èdè tí ó lé ní ọgbọ̀n. Èdè Basque wà níbẹ̀, èdè tí àwọn tí ń sọ ọ́ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lọ. Èdè Galicia wà níbẹ̀. Èdè Ireland wà níbẹ̀. Yorùbá, tí àwọn tí ń sọ ọ́ ju ogún mílíọ̀nù lọ, kò sí níbẹ̀. Haúsá kò sí níbẹ̀. Ìgbò kò sí níbẹ̀. Àwa kò sọ pé ẹnikẹ́ni kórìíra wa. Iṣẹ́ tí a ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé ni Lucene; ẹni tí ó bá mú òfin èdè rẹ̀ wá, tí ó sì dára, wọn yóò gbà á. Àwọn tí ó fẹ́ràn èdè wọn jókòó, wọ́n ṣe é. Àwa gba òmìnira ní ọdún 1960, a ní yunifásítì, a ní àwọn ọmọ tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dunjú. Kí ni ó wá dé tí èdè wa fi dúró sí ẹnu ọ̀nà bí àlejò tí a kò pè?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé àmì wíwọ̀nyí ń nini lára, àti pé Yorùbá tí kò ní àmì, òǹkàwé yóò sáà mọ ohun tí a ń wí. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ènìyàn ń fi ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀lé e mọ ìtumọ̀. Àwọn ẹ̀rọ tuntun kan pẹ̀lú ti ń kọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ara ohun tí a kọ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ; bí ohun tí a fún wọn bá rú, òye wọn yóò rú. A kò sì ní í fi pamọ́ pé àmì kò lè ya gbogbo ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀: ‘ogún’ tí à ń jẹ àti ‘ogún’ tí à ń kà, àmì kan náà ni wọ́n ní. Síbẹ̀, ẹni tí ó ní òkùnkùn kékeré kù nínú ilé kò ní í torí rẹ̀ pa fìtílà. Kí àwa oníwèé ìròyìn má sì wẹ ara wa mọ́: ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti tẹ Yorùbá jáde ní ìhòòhò, láìsí àmì kankan, nítorí ìkánjú. Ẹ̀bi náà kàn wá.

Kí wá ni ṣíṣe? Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò máa kọ ‘eko’ lórí tẹlifóònù wọn láìfi àmì sí i, a kò sì gbọdọ̀ tì wọ́n síta. Nítorí náà, kí a ní atọ́ka méjì fún ìwé kan náà: èyí tí a bọ́ àmì rẹ̀, àti èyí tí a fi àmì rẹ̀ sílẹ̀ pé pérépéré. Ẹni tí ó bá kọ ‘eko’, kí a kó gbogbo rẹ̀ fún un kí ó ṣà. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ kọ ‘ẹ̀kọ́’, kí a fi ìwé ẹ̀kọ́ síwájú, kí Èkó àti ẹ̀kọ tẹ̀lé e. Àwọn ẹ̀rọ tí a ti dárúkọ wọ̀nyí lè ṣe èyí láìsí wàhálà. Ẹni tí yóò pa á láṣẹ fún wọn ni ó kù.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni a kọ́kọ́ bẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní àmì ohùn láti kékeré, kì í ṣe nítorí ìdánwò nìkan, ṣùgbọ́n nítorí pé ohun tí wọn yóò kọ lónìí ni àwọn ọmọ wọn yóò wá lọ́la. Ẹ kó àwọn ọmọ kíláàsì yín jọ, kí wọ́n to àwọn ọ̀rọ̀ àkọtọ́ àtijọ́ àti ti òde òní pọ̀. Iṣẹ́ tí ilé-ìwé kan lè ṣe ní sáà kan ni, yóò sì wúlò fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ̀yin tí ń ṣe olórí ilé ìkówèésí àti yunifásítì, nígbà tí ẹ bá ń gba iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, ẹ má ṣe gbà á títí tí yóò fi wá ‘ọkọ’, ‘ọkọ́’, ‘ọkọ̀’, ‘ọ̀kọ̀’ àti ‘oko’ lójú yín, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì mú ohun tirẹ̀ wá síwájú. Ẹ rántí pẹ̀lú pé àwòrán ojú ewé kì í ṣe ìwé lójú ẹ̀rọ ìṣàwárí, títí a ó fi sọ àwòrán náà di lẹ́tà tí ó pé, tàmì-tàmì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, òfin Yorùbá tí yóò wọ inú Lucene ń dúró dè yín.

Ìjọba pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀, ipa náà kò sì jẹ́ ti Yorùbá nìkan. Ìgbò ní ‘ị’, ‘ọ’ àti ‘ụ’. Haúsá ní ‘ɓ’, ‘ɗ’ àti ‘ƙ’. Ohun tí ó ń pa wá lẹ́kún ń pa wọ́n lẹ́kún. Kí ó di òfin pé ẹ̀rọ èyíkéyìí tí a bá fi owó ará ìlú rà láti kó ìwé àti àkọsílẹ̀ ìlú pamọ́ gbọ́dọ̀ lè wá ọ̀rọ̀ èdè wa rí bí a ti ń kọ ọ́. Owó tí èyí yóò ná wa kò tó ohun tí a ó pàdánù.

Àwọn baba wa kò ní kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n bí a bá bi arọ́kin ní ìtàn ọba kan, kì í mú ti ọba mìíràn wá. Ó mọ ìyàtọ̀ láàárín orúkọ àti orúkọ, ohùn àti ohùn. Kò yẹ kí ìrántí tí a fi lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ burú ju èyí tí a fi lé ènìyàn lọ́wọ́ lọ. Iṣẹ́ wa ni láti kọ́ ẹ̀rọ ní èdè wa, kí ọmọ wa tí ó bá wá ẹ̀kọ́ lè rí ẹ̀kọ́.